Ẹnu Ti Pa Dé, Ọ̀rọ̀ Ṣì Ń Bọ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú ọ̀run ṣú, kò sì rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti kírun àṣùbáà tán ni atẹ́gùn ti ń gbé eruku pupa láti ojú títì wọ àgbàlá wa, tí yóò tún yí padà gbé e jáde, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé tí kò sì rántí ohun náà. Ìkùukùu dúdú jókòó lé orí òkè tó wà lẹ́yìn Ṣakí, kò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn. Òjò àkọ́rọ̀ ti kí wa lẹ́ẹ̀kan ṣáájú, kò sì tún yọjú mọ́. Àwọn tó ti kọ ebè sílẹ̀ de iṣu ń gbójú sókè. Ooru ọ̀hún mú débi pé adìyẹ ń yanu.

Wọ́n mọ̀ mí nílé wa sí ẹni tó máa ń fara balẹ̀. Àwọn ọmọ mi máa ń sọ pé bí ilé bá ń jó, èmi yóò kọ́kọ́ wá bàtà mi wọ̀. Òótọ́ ni, nítorí ẹni tó bá fẹsẹ̀ lásán sá fún iná, ẹ̀gún ni yóò dá a dúró. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Mo gbé àtẹ ẹ̀gúsí sórí itan, mo bó díẹ̀, mo gbé e sílẹ̀. Mo lọ wo ìkòkò omi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò tán.

Ohun tó ń lé mi kiri kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ọjọ́bọ̀ ni. Bí ilẹ̀ Jímọ̀ bá mọ́, ìyàwó ọmọ mi yóò kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ìgbẹ́tì, sí ilé tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, n kò sì fẹ́ kó lọ. Ọmọ mi ọkùnrin tó fẹ́ ẹ ti kú, ọdún kẹta rèé. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, ń lọ sí ilé-ìwé poli níbí ní Ṣakí, kì í sì í wà nílé tó bẹ́ẹ̀. Èmi àti ìyá rẹ̀ la máa ń wà, òun nínú yàrá tirẹ̀, èmi nínú tèmi, àgbàlá láàárín wa. A kì í jà. Bóyá ìjà ì bá tilẹ̀ sàn.

Kí ó tó di pé ó mẹ́nu ba Ìgbẹ́tì, ó bí mí léèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ tí à ń fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí dànù. Ó ní, "Màmá, kí ni mo jẹ́ nínú ilé yìí báyìí?" Mo wo ojú rẹ̀, mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Mo ní, "Ṣé o ò tíì jẹun ni?" Kò tún béèrè mọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló wá sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n òun ní kí òun máa bọ̀, kí àwọn jọ máa tajà fún àwọn tó ń fọ́ òkúta mábù. Mo ní ó dáa. Kí ni ǹ bá sọ? N kò bẹ ènìyàn rí. Kì í ṣe ìgbéraga, n kò kàn kọ́ ọ ni, bí n kò ṣe kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn.

Ọmọ ọmọ mi ló gbé sinimá wọ ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ tí yóò fi jáde nílé-ìwé ni wọ́n gbé fún un: kó wá sinimá òyìnbó àtijọ́ kan, kó yọ èdè òyìnbó kúrò lẹ́nu àwọn tó wà nínú rẹ̀, kó fi Yorùbá sí i. Ó ní sinimá tí òun mú ti pẹ́ débi pé kò sí ẹni tó ni ín mọ́, ti gbogbo ayé ni. Ìgbà tí sinimá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n ṣe é. Ṣáájú ìgbà náà, yíyanu lásán ni wọ́n ń yanu, wọn ò ní ohùn.

Ó wá bá mi lẹ́yìn ilé. "Ìyá àgbà, ohùn yín ni mo fẹ́ yá."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ìyá ọkọ kan wà nínú rẹ̀. Gbogbo ọ̀rẹ́ mi ló ti dán an wò, bí ọmọ ewúrẹ́ ni wọ́n ń dún. Ohùn àgbà ò ṣeé dá."

"Ìyá ọkọ burúkú ni àbí dáadáa?"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ máa wò ó ná."

"Ta ló ń ṣe ìyàwó?"

"Mọ́mì ni."

Mo mọ̀ pé ọmọ náà kò ní ẹ̀tàn kankan nínú. Ohùn tó wà nítòsí ló ń wá. Ohùn ọkọ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọkùnrin kan nílé-ìwé wọn ti bá a sọ ọ́. Ó kù tàwa méjèèjì, Ọjọ́bọ̀ yẹn nìkan ló sì kù tí a ó jọ wà nínú ilé. Mo ní kó lọ tún yàrá ṣe.

Yàrá ìyá rẹ̀ ni wọ́n lò, nítorí pé ó ti ṣófo. Àpò mẹ́ta àti pánù kan tí wọ́n fi aṣọ dì lórí ló wà lẹ́bàá ògiri. N kò fẹ́ wò wọ́n, ojú mi ò sì kúrò lára wọn. Ọmọ náà fi mátírẹ́ẹ̀sì dí ojú fèrèsé kí ariwo ọ̀kadà má bàa wọlé. Ó yá aṣọ kíjìpá mi mẹ́rin, ó fi wọ́n kọ́ sórí okùn yí wa ká. Ó gbé odó wọlé, ó ki ọmọ odó bọ̀ ọ́, ó wá so ẹ̀rọ tó ń gba ohùn mọ́ orí ọmọ odó pẹ̀lú gèlè. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà lórí àpótí. A dà bí àwọn tó fẹ́ jí nǹkan.

Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí a wo sinimá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dúdú àti funfun ni, ohùn rẹ̀ sì ń ta pátapàta bí ìgbà tí ẹ̀pà bá ń gbóná nínú yanrìn. Ọkọ tó wà nínú rẹ̀ ń tún aago ṣe. Aago kún ara ògiri ilé wọn láti òkè dé ilẹ̀. Ó gbé ìyàwó wọlé, ìyàwó sì mọ ẹ̀rín rín púpọ̀. Àṣé bí ó bá ti rẹ́rìn-ín, gbogbo aago inú ilé á dúró gbọn-in. Ìyá ọkọ yóò wá gorí àga, yóò máa fi ìka ti aago kọ̀ọ̀kan kó tó tún rìn. Bó bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga báyìí, ìyàwó yóò rí i bí yẹ̀rì rẹ̀ ṣe há, yóò tún bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó gbìyànjú títí. Ó ki búrẹ́dì bọ ẹnu, ó ti orí bọ inú àpótí aṣọ lọ rín in. Láàárín gbogbo wàhálà yìí, wọ́n á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ orin, àti ọkọ àti ìyá ọkọ àti ọlọ́pàá tó ń kọjá lọ.

Níkẹyìn, ìyá ọkọ lé ìyàwó lọ. Aago wá ń sáré nítorí kò sí ẹni tí yóò dá a dúró. Ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ṣú, kí omi tíì tó hó. Irun ọkọ funfun níbi tó ti ń fá irùngbọ̀n. Ni ìyá ọkọ bá sáré lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin lọ bá ìyàwó.

Mo ní, "Irọ́ ni gbogbo rẹ̀." Ṣùgbọ́n mo ti rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ká ẹsẹ̀ kò sábẹ́ ara rẹ̀, ó ń wo ìwé tí ọmọ rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí. Òun lè ka tirẹ̀. Èmi, ìwé kẹta ni mo dé kí wọ́n tó ní kí n wá máa gbé àbúrò mi pọ̀n, ilé-ìwé àwọn àgbàlagbà ni mo sì ti padà mọ ọ̀rọ̀ kọ. N kò lè yára kà á, nítorí náà ọmọ náà ń sọ ọ́ sí mi létí, èmi náà ń sọ ọ́ tẹ̀ lé e.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gan-an. Ìyàwó òyìnbó yìí wọ yàrá, ó la ẹnu, ó pe orúkọ ọkọ rẹ̀ gbàgà, bí ẹni ń pe ọmọ tó ń ṣeré níta. Ọmọ ọmọ mi ní kí ìyá òun pe orúkọ náà bó ṣe wà.

"Orúkọ ta ni?"

"Ti ọkọ inú sinimá ni, Mọ́mì. Kì í ṣe ti Dádì."

"Mo gbọ́. Mi ò pe ọkọ lórúkọ rí, mi ò ní torí sinimá bẹ̀rẹ̀."

"Òyìnbó ló ń pè é, kì í ṣe ẹ̀yin!"

"Ẹnu ni ti òyìnbó, ohùn ni tèmi."

Mo ní òótọ́ ló sọ. Ó yíjú wò mí, ó yà á lẹ́nu. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí a ti fẹnu kò lórí nǹkan.

Wọ́n dán "Olówó orí mi" wò. Ẹnu òyìnbó ti pa dé, "orí mi" ṣì wà níta. Mo dá a lábàá kí wọ́n fi "Bàbá ọmọ mi" sí i. Ọmọ náà ní wọn ò tíì bímọ nínú sinimá. Mo ní kí wọ́n máa fi ṣàdúrà. Ìyẹn náà gùn jù. Ìgbà tó pẹ́ ni ìyàwó ọmọ mi kàn sọ pé, "Ẹ gbọ́!" Ó wọlé wẹ́kú. Bí obìnrin ṣe ń pe ọkọ nìyẹn nílé tiwa, ẹnu òyìnbó náà sì gbà á.

Bẹ́ẹ̀ ló rí títí oòrùn fi gòkè lẹ́yìn ìkùukùu. Gbogbo ibi tí òyìnbó ti ń sọ ọ̀rọ̀ ṣókí ni ọ̀wọ̀ tiwa ti gùn. Òun a kí ìyá ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, nínàró gangan, pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu, á ti kọjá. Ìyàwó ọmọ mi kúnlẹ̀ níwájú odó kó tó kí i.

"Mọ́mì, ẹ̀rọ ò rí yín o."

"Màmá rí mi."

Mo wo ibòmíràn. Ọwọ́ mi ò gbé jẹ́ẹ́. Mo ti fa àtẹ ẹ̀gúsí wọlé láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, mo sì ń bó o lábẹ́ ìró mi. Ọmọ náà yọ nǹkan etí rẹ̀.

"Ta ló ń fọ́ egungun níbí? Ìyá àgbà! Ẹ gbé ẹ̀gúsí yẹn sílẹ̀, ẹ̀rọ ń gbọ́ ọ."

"Ọwọ́ mi ló ń wá iṣẹ́."

"Ẹ jókòó lé e lórí."

Mo jókòó lé ọwọ́ mi bí ọmọ tí wọ́n bá wí. Níta, atẹ́gùn ti ilẹ̀kùn àgbàlá, ó tún fà á padà. Ọmọ náà ń gbójú sókè sí páànù ilé. Ó ní bí òjò bá fi lè kán sórí páànù, iṣẹ́ ọjọ́ náà parí, nítorí kò sí ohùn tí yóò la ariwo rẹ̀ já. Ó ní kí a yára.

A dé ibi tí ìyá ọkọ ti gbé ìborùn dání, tó ní kí ìyàwó fi di ẹnu rẹ̀ kó má baà rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyàwó náà mi orí, ó fèsì. Èsì náà kéré, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ là gbayawu. "Rárá" ni.

Ìyàwó ọmọ mi ní òun ò lè sọ rárá fún ìyá ọkọ lójú báyìí. Ó fi "Ẹ má bínú, Màmá" sí i, ó gùn jù. Ó fi "Ẹ jọ̀ọ́" sí i, ọmọ rẹ̀ ní ẹni tó ń mi orí kì í sọ pé ẹ jọ̀ọ́. Ó sú mi. Mo ní, "Sọ ọ́ o jàre. Rárá. Kò ní pa mí."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ọmọ rẹ̀ ní kó gbé ohùn sókè. Ó tún un sọ. Ọmọ rẹ̀ ní ó kù díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbójú sókè, kò wo ìwé, kò wo sinimá, èmi ló wò. "Rárá!"

Kíjìpá orí okùn fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Ogún ọdún ó lé ni mo ti mọ obìnrin yìí, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo wá ń rò ó pé, kì í ṣe pé kò ní in nínú. Ibo ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí?

Ọmọ náà ní, "Ó dáa gan-an! Ìyá àgbà, ó kàn yín." Ó sọ ọ̀rọ̀ tó kàn sí mi létí. Ó kéré, ó rọrùn. Ìyá ọkọ na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Lọ sílé ìyá rẹ."

Mo ní, "Mi ò sọ ìyẹn."

"Ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni."

"Ka gbogbo ọ̀rọ̀ ayé, mi ò rò pé o máa rí mẹ́rin tó burú tó wọn. Fi nǹkan mìíràn sí i. Ní kó lọ sinmi."

"Lọ sinmi? Ó ń lé e jáde, ẹ̀ ń ní kó lọ sinmi? Sinimá ò ní lè lọ síwájú. Ta ni ìyá ọkọ máa wá sáré lọ bá nínú ọkọ̀ ojú irin?"

"Kó má sáré. Kó jókòó sílé."

Ọmọ náà da ojú bolẹ̀, mo rí i pé omijé ti ń bọ̀. Ọjọ́ Ajé ni yóò gbé iṣẹ́ náà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń wo àpò mẹ́ta àti pánù kan lẹ́bàá ògiri. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí lónìí, tí ilẹ̀ sì mọ́ tó kó wọn jáde, ta ni yóò gbà pé ti sinimá ni mo sọ? Èmi gan-an kò ní gbà á.

Ìyàwó ọmọ mi ló dá wa lóhùn. Ó ń tẹ etí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ sọ ọ́, Màmá. Mo kúkú ti ń lọ tẹ́lẹ̀."

Mo sọ ọ́. N kò ní purọ́, mo sọ ọ́ dáadáa, ọmọ náà ò sì ní kí n tún un sọ. Ẹnu mi korò lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó jẹ ewúro láìfọ̀.

Ó wá ku ibi ìkẹyìn. Ìyàwó ti wọ ọkọ̀ ojú irin, orí rẹ̀ yọ lójú fèrèsé. Aago ńlá kan wà lókè ibùdókọ̀. Ìyá ọkọ sáré dé, ìborùn ti ṣí lórí rẹ̀, ó di fèrèsé mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohùn, n kò sì fura sí i nígbà tí a kọ́kọ́ ń wò ó. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, pátapàta bí ẹ̀pà nìkan là ń gbọ́.

"Ó bàjẹ́ níbẹ̀," ni ọmọ náà wí. "Ohùn ibẹ̀ ti jẹ dànù láti ọjọ́ pípẹ́. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó sọ, àwọn tó ṣe é ti kú tán. Ohun tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ sọ, Ìyá àgbà. Kó ṣáà ti bá ẹnu rẹ̀ dọ́gba."

"Ó gùn tó kí ni?"

"Ẹni tó bá yára ka Fátíà lè parí rẹ̀."

Láti àárọ̀ ni a ti ń wá ẹnu tí yóò gba ọ̀rọ̀ wa. Ẹnu wá rèé, ó là sílẹ̀, ó ń dúró dè mí, n kò sì rí ohun tí mo máa fi sí i. Mo ní, "Gbọ́ ná..." ẹnu òyìnbó ti lọ. Ọmọ náà dá a padà. Mo ní, "Ìwọ..." ó tún lọ.

"Ìyá àgbà, ẹ pè é ní nǹkan kan. Ẹ wo bó ṣe la ẹnu, ó ń pe èèyàn ni."

"Kí ni kí n pè é?"

"Kí lẹ máa ń pe Mọ́mì?"

Mo wá a. Mo bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ náà, mo ń lọ sẹ́yìn. "Ṣé omi ti hó?" "Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí o." "Wọ́n ń pè ọ́ níta." Láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti kú, n kò pè é ní nǹkan kan. Ṣáájú ìgbà náà, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń pè é, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé bí mo bá pè é, ọmọ mi ló máa yọjú láti yàrá, kò sì ní yọjú. Mo gbé e jù sílẹ̀, n kò wá òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀, tí mo sì tún ń bi í pé ṣé kò tíì jẹun ni.

Ìyàwó ọmọ mi ń wo ilẹ̀. Ó ti mọ ìdáhùn náà kí ọmọ rẹ̀ tó béèrè.

Àrá sán lẹ́yìn òkè. Ọmọ náà fò dìde. "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, òjò dé! Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù." Ó tẹ kọ̀ǹpútà. Obìnrin òyìnbó náà tún sáré dé, ìborùn rẹ̀ ṣí, ó di fèrèsé mú, ó la ẹnu.

Mo ní, "Ìyàwó mi! Ìyàwó mi ni mo pè, n kò pe ìyàwó ọmọ mi. Ẹni tó mú ọ wálé lọ́jọ́sí ti lọ, èmi tí mo bomi tútù sí ọ lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kò tíì lọ. Èmi náà fẹ́ ọ. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo ti kọ̀ ọ́. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn, bí mo bá ṣì í, fi ojú fò ó. Má fi ìbínú kúrò nílé mi. Jọ̀wọ́. Jọ̀wọ́, ìwọ yìí náà. Àti pé ta ni yóò máa bá mi fẹ́ ẹ̀gúsí?"

"Ìyá àgbà!" ni ọmọ náà kígbe. "Ẹnu ti pa dé, ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀!"

Òótọ́ ni. Obìnrin òyìnbó ti panu dé tipẹ́, ó ń nu ojú rẹ̀, èmi sì ń fi ẹ̀gúsí tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀.

Ìyàwó ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu, imú ló máa ń kọ́kọ́ há sí, á wá jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti gbàgbé pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Ó fi orí ti ògiri, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ̀gúsí! Wọ́n ń sunkún lọ́wọ́, wọ́n tún rántí ẹ̀gúsí!" Òjò bọ́ sórí páànù gbì, a ò gbọ́ ara wa mọ́. Nínú kọ̀ǹpútà, ìyàwó òyìnbó náà rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé, aago ńlá sì dúró. Ọmọ náà ń tọ́ka sí i, ó ń pariwo pé ẹ̀rín Mọ́mì yá díẹ̀ ju ti òyìnbó lọ, òun máa fi ẹ̀rọ sún un sẹ́yìn.

Ẹ̀rín kì í ṣe ìdáhùn, mo mọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òjò dá, wọ́n ká kíjìpá mi, wọ́n gbé odó jáde, wọ́n gbé mátírẹ́ẹ̀sì padà sí àyè rẹ̀. Àpò mẹ́ta àti pánù ṣì wà níbi tí wọ́n wà. Mo rìn láti iyàrá dé ẹ̀yìnkùlé, mo rìn padà. Lẹ́yìn ìrun àsáàrì ló wá bá mi níbi tí mo ti ń gbọ́n omi òjò.

"Màmá, ẹ̀gbọ́n mi ń retí mi. Mo ti fún un lọ́rọ̀."

"Mo mọ̀."

"Mi ò lè sọ pé mi ò wá mọ́."

"Mi ò ní kó o sọ bẹ́ẹ̀."

Ó gba garawa lọ́wọ́ mi. "Ti sinimá lẹ sọ lẹ́ẹ̀kan, àbí tèmi?"

Mo ní, "Obìnrin òyìnbó yẹn mọ ohun tó fẹ́ sọ, ó ti kú mọ́ ọn lẹ́nu. Èmi ò tíì kú."

Ó lọ gbé ìkòkò kaná.

Nígbà tí ilẹ̀ Jímọ̀ mọ́, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ kí àna, mo di èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí tí mo ti bó sínú àpò kan, mo sì ṣáájú wọn dé gáréèjì. Nígbà tí ìyàwó mi dé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, mo ti jókòó síwájú ọkọ̀.

"Màmá, níbo lẹ ń lọ?"

"Ìgbẹ́tì."

Dírẹ́bà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ṣé ẹ̀yin náà ń kó lọ ni?" Mo ní kó wo iwájú rẹ̀, ẹrẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà.

Ọ̀nà náà jù wá sókè, ó jù wá sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níwájú ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá títì, ìyẹ̀fun òkúta funfun bo páànù orí ìsọ̀ náà. Ó rí mi, ojú rẹ̀ le. Mo kí i, ó kí mi, a béèrè àlàáfíà ara wa títí ó fi sú wa. Bó ti wù kó kéré sí mi, àna mi ni, mo bá a sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń bá àna sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Mo mú ìyàwó mi wá kí yín. Ẹ má rò pé mo dá a padà o. Kó bá yín tajà díẹ̀. Bí Jímọ̀ méjì bá kọjá, èmi fúnra mi ni máa wá mú un lọ sílé."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sí i. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ìyàwó mi sọ pánù kalẹ̀ lórí, ó tú òṣùká, ó fi nu ojú. "Jímọ̀ mẹ́ta, Màmá. Méjì ti kéré."

Mo ní méjì àbọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣé Jímọ̀ máa ń ní àbọ̀ ni. Mo gba mẹ́ta, mo mu omi tí wọ́n gbé fún mi, mo sì wá ọkọ̀ padà sí Ṣakí kí òjò tó tún ṣú.